Laptop Tuntun Tí Ń Mí Hẹlẹ: Ẹ Wo Inú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Dá A Padà

Inú ẹbí mi ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ti bá irú rẹ̀ pàdé, tàbí tí yóò bá a pàdé lọ́jọ́ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Bí mo ti gbé fóònù sétí, ohùn rẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ariwo kan ni, hùùù, bí ìgbà tí ènìyàn bá wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbẹ irun.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo yẹn? Laptop tí mo rà ní ọjọ́ Ajé ni. Mi ò ṣí nǹkan kan lórí rẹ̀ o. Bí mo bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò."

Oṣù mẹ́wàá gbáko ni àbúrò mi fi dá àjọ kí owó náà tó kàn án. Ó fẹ́ máa fi laptop náà ṣe iṣẹ́ àdàkọ ohùn, èyí ni pé kí ó máa gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí ó sì máa tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ ti fún un ní ìdánwò, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò sì ṣe é. Ọjọ́ Ajé yẹn kan náà ni ọjọ́ méje tí ẹni tí ó ta laptop náà fi sílẹ̀ fún ìdápadà yóò pé. Màmá wa ti dá ẹjọ́ tiwọn: wọ́n ní ògbólógbòó ẹ̀rọ ni wọ́n kó sínú páálí tuntun fún ọmọ àwọn. Ẹnjiníà kan ní àdúgbò náà ti dá tirẹ̀: kí ó gbé e wá, òun yóò nu gbogbo inú rẹ̀ nù, òun yóò sì fi Windows mìíràn sí i, kí ó ṣáà mú owó iṣẹ́ dání.

Mo bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ni ó ń lo processor rẹ̀?" Kò mọ̀. Màmá wa kò mọ̀. Ẹnjiníà náà kò wò ó. Gbogbo ènìyàn ti dájọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ó jókòó, kí ó gbé laptop náà kúrò lórí ibùsùn sórí tábìlì, kí a jọ wò ó.

Ohun tí nọ́ńbà CPU ń sọ

Processor, tí a ń kọ ní CPU lójú ẹ̀rọ, ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yòówù tí a bá rán ẹ̀rọ náà, ìbá à ṣe orin ni a fẹ́ gbọ́ tàbí lẹ́tà ni a fẹ́ kọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá. Nọ́ńbà tí a ń rí lábẹ́ CPU kò sọ pé ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. Ohun tí ó ń sọ ni iye agbára ọpọlọ yìí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò náà. Bí a bá ṣí ètò ńlá kan, tí nọ́ńbà náà fò dé 100, tí ó sì tún wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò sí àléébù níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú ni kí ó dúró sí 80 tàbí 100 fún wákàtí pípẹ́ nígbà tí a kò rán an níṣẹ́ kankan. Laptop tí ara rẹ̀ dá, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, kì í sábà kọjá ìdá 10 nínú 100.

Bí processor bá ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, ooru rẹ̀ á pọ̀, fáànù á máa sáré láti fẹ́ ooru náà síta, bátìrì á sì máa yára tán. Bí ooru inú rẹ̀ bá wá ń sún mọ́ 100 lórí ìwọ̀n Celsius, processor fúnra rẹ̀ á dín eré kù kí ó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí ń gbóná fi ń lọ́ra. Bí a bá tún wá gbé e lé orí fóòmù tàbí aṣọ, tí a dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ńṣe ni a fi ọwọ́ ara wa dí i ní imú.

Ẹrù ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kó dé ilé tuntun. Àpótí wà ní pálọ̀, ìkòkò wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀, ẹnì kan ń so kọ́tìnnì. Bí àlejò bá wọlé lọ́jọ́ náà, yóò rò pé ilé náà kò létò. Bẹ́ẹ̀, ètò gan-an ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni laptop tuntun. Ó ti lè lo oṣù púpọ̀ nínú páálí kí ó tó dé ọwọ́ yín, Windows tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n dì í. Ní kété tí ó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ kó gbogbo ìmúdójúìwọ̀n tí ó ti kọjá lórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń to àwọn ìmúdójúìwọ̀n yìí sí àyè wọn ń jẹ́ Windows Modules Installer Worker. Èkejì rẹ̀, Microsoft Windows Search Indexer, ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì sínú ìwé àkójọ, kí ó lè yára bá yín rí ohun tí ẹ bá ń wá lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀kẹta ni Antimalware Service Executable. Òun ni ẹ̀ṣọ́ tí Microsoft Defender rán jáde láti máa yẹ fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fi orúkọ yín wọlé sí Microsoft, OneDrive náà lè máa kó fáìlì lọ kó fáìlì bọ̀.

Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn ń ṣe, wọn a sì máa parí rẹ̀. Fún laptop tí ó ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kò já, àwọn wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan tàbí méjì tó. Kí ló wá dé tí ti àbúrò mi kò fi parí láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì?

Ìdáhùn náà wà nínú bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń gbé. Hotspot fóònù ni ó ń lò. Bí ó bá ti rí i pé dátà ń lọ bí omi, a pa á. Iná mànàmáná kò wá ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà bátìrì ni laptop ń lò jù, bí ó bá sì ti ṣe tán, a dé e pa kí ó má baà tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni Windows ṣe ètò ìtọ́jú ara rẹ̀ pé kí ó máa wáyé nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí fún laptop yìí. Ní gbogbo alẹ́ tí ó bá ṣí i, ẹ̀rọ náà a sáré mú iṣẹ́ tí ó kù sílẹ̀ lánàá, a sì tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó parí. Bí ìgbà tí a bá ń lé ẹni tí ń kó ẹrù síta ní ìdajì iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni, tí a sì tún ń bínú pé ilé kò tíì tò.

Bí a ṣe wò ó

Mo ní kí ó tẹ bọ́tìnnì Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé tí ó jáde ń jẹ́ Task Manager. Mo ní kí ó lọ sí Processes, kí ó tẹ ibi tí a kọ CPU sí lókè, kí àwọn tí ń jẹun jù lè wá sókè pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó máa wò, kí ó sì kọ orúkọ tí kò kúrò lókè sínú ìwé. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ṣíṣí Task Manager fúnra rẹ̀ ń mú nọ́ńbà gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ mẹ́rin ni ó kà fún mi. Mẹ́ta nínú wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ti dárúkọ lókè yìí. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ètò mìíràn tí ń lé fáírọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ti fi sínú laptop náà láti ilé iṣẹ́, tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó béèrè owó. Ètò náà ń yẹ fáìlì tí àwọn yòókù ń tò wò, bí wọ́n ṣe ń tò ó ni ó ń tú u wò. Àlejò tí a kò pè ni, ó sì ń jẹun ju onílé lọ.

Nígbà tí a ń wò ó lọ, àbúrò mi pariwo. Ó ti tẹ ibi tí a kọ Details sí, ó sì rí ohun kan tí ń jẹ́ System Idle Process tí ó gba nọ́ńbà ńlá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Agbára tí ẹnikẹ́ni kò lò ni orúkọ yẹn dúró fún. Bí ẹ bá rí 95 níwájú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ìdá 95 nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà ń sinmi. Bí ó bá ṣe ga tó ni ara ẹ̀rọ ṣe rọ̀ tó.

Orúkọ kan wà tí ó yàtọ̀, tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú rénà: System interrupts. Bí ó bá dúró lókè fún ìgbà pípẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tàbí ètò tí ń darí ẹ̀yà náà, èyí tí a ń pè ní driver, ni kò ṣe dáadáa. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ fi bọ ara laptop náà, ìbá à ṣe flash tàbí mouse. Ẹ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba driver tuntun. Bí kò bá lọ lẹ́yìn èyí, àléébù lè wà lára ẹ̀rọ gan-an, ẹ kó o padà fún ẹni tí ó tà á kí ọjọ́ tó pé.

Ohun tí a ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Ìbàdàn tí ó ní iná sólà àti Wi-Fi tí a kì í ka dátà rẹ̀. Àbúrò mi gbé laptop náà lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó yọ ètò àlejò náà kúrò. Ó lọ sí Settings, ó tẹ Apps, ó tẹ Installed apps, ó wá orúkọ rẹ̀ kàn, ó sì tẹ Uninstall. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá kúrò, Microsoft Defender a gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ilé kò ṣófo. Lẹ́yìn èyí, ó padà sí Task Manager, ó tẹ Startup apps, ó sì fi Disable dá àwọn ètò tí kò nílò ní gbogbo ìgbà dúró, kí wọ́n má baà máa jí pẹ̀lú ẹ̀rọ ní àràárọ̀. Èyí kò pa wọ́n rẹ́. Bí ó bá fẹ́ lò wọ́n, yóò pè wọ́n fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó so laptop mọ́ iná, ó gbé e lé orí tábìlì líle, ó sì lọ sí Settings láti sọ fún un pé kí ó má ṣe sùn níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí iná. Ó ṣí Windows Update, ó tẹ Check for updates. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè pé kí òun tún ara òun bẹ̀rẹ̀, ó gbà fún un, ó sì tún tẹ̀ ẹ́, títí ojú ìwé náà fi sọ pé kò sí èyí tí ó kù. Ẹ kíyèsí i pé Restart ni kí ẹ tẹ̀ fún èyí. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, Shut down kì í pa Windows tán pátápátá. Ó ń tọ́jú apá kan rẹ̀ kí ó lè tètè jí, ohun tí ó ti dàrú sì lè bá a jí. Restart ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́, nọ́ńbà náà ṣì wà ní 90. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo ní kí ó lọ sùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwòrán kan ni ó fi ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. CPU wà ní ìdá 4 nínú 100. Nígbà tí ó pè, mi ò gbọ́ ariwo kankan. Àkùkọ tí ń kọ ní ilé kejì nìkan ni mo gbọ́.

Àìsàn yàtọ̀ sí àìlágbára

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. A ti mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn. A kò tíì mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ tó fún iṣẹ́ tí a rà á fún, ọjọ́ ìdápadà sì kù ẹyọ kan.

Mo ní kí ó lọ sí Performance nínú Task Manager, kí ó tẹ CPU, kí ó ka ohun tí ó wà níwájú Cores fún mi. Core ni a lè pè ní iye apá tí processor fi ń ṣiṣẹ́. Méjì ni tirẹ̀. Memory rẹ̀ sì jẹ́ 4GB. Microsoft fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ó kéré jù tí Windows 11 lè gbà ni core méjì, memory 4GB àti ibi ìpamọ́ 64GB. Ẹnu ìlẹ̀kùn gan-an ni laptop àbúrò mi dúró sí. Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí àyè púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tí ó fẹ́ ra laptop. Kì í ṣe gbogbo tuntun ni ó lágbára ju tòkunbọ̀ lọ. Processor Celeron N4020 ní core méjì. N100 tí Intel mú jáde ní ọdún 2023 ní mẹ́rin. Core i5-8250U tí ó jáde ní ọdún 2017 náà ní mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè mú iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tòkunbọ̀ tí ó ní irú i5 yẹn lè gbé ẹrù tí tuntun olójú méjì kò lè gbé. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ náà ní tirẹ̀: bátìrì rẹ̀ ti lè gbó, bí processor rẹ̀ bá sì ti pẹ́ jù fún Windows 11, ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ohun tí ó wà ní ara páálí kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ béèrè orúkọ processor, iye core àti iye memory kí ẹ tó sanwó.

Mo wá ní kí àbúrò mi dán iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wò. Ó ṣí ohùn kan tí a gbà sílẹ̀, ó ṣí ìwé tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ sí, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí. CPU ń lọ sókè-sódò láàárín 30 sí 50. Ẹ̀rọ náà kò lọ́ra. Lẹ́yìn èyí, mo ní kí ó ṣí ojú ìwé méjìlá lórí Chrome, kí ó sì pè mí lórí fídíò. Kíá ni ó fò dé 100, àwòrán mi sì dì gbagidi sójú kan. Ó tẹ Shift àti Esc nínú Chrome, ó sì rí ojú ìwé tí ń jẹun jù níbẹ̀. Nígbà tí ó pa mẹ́sàn-án nínú wọn dé, ọ̀rọ̀ wa tún já gaara.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Àǹtí mi, ṣé kí n dá a padà ni?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Bí iṣẹ́ àtúnṣe fídíò ni ó fẹ́ fi ṣe, mo ní kí ó dá a padà ní ọjọ́ Ajé láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún iṣẹ́ àdàkọ ohùn, yóò gbà á, bí kò bá ti kó ẹrù ẹṣin lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí. Owó rẹ̀ ni, òun ni kí ó pinnu. Ó ní òun yóò mú un, nítorí pé kò sí owó tí òun yóò fi kún un fún èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, òun sì ti mọ ohun tí òun rà. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó dùn mọ́ mi nínú jù.

Àwọn ohun tí kí ẹ má ṣe ṣe

Ẹ má ṣe máa fi End task pa orúkọ tí ẹ kò mọ̀. Àwọn tí ń jẹ́ Service Host àti System wà lára òpó tí ó gbé ilé ró. Ẹ má ṣe pa Microsoft Defender nítorí pé ó ń jẹun. Aṣọ́dẹ náà ní láti jẹun kí ó tó lè ṣọ́ ilé. Ẹ má ṣe sanwó fún àwọn ètò tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò fọ kọ̀ǹpútà yín mọ́ tónítóní, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn a tún di ẹnu kan sí i tí ń jẹ nínú àwo.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ra fún ètò tí wọ́n jí, èyí tí wọ́n ń fi sínú laptop lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ṣeni lóore. Àwọn ọ̀daràn a máa fi ètò tí ń wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ sínú irú rẹ̀. Processor yín ni yóò máa ṣiṣẹ́, àpò ẹlòmíràn ni owó yóò máa wọ̀. Òmíràn nínú wọn gbọ́n débi pé bí ẹ bá ṣí Task Manager, a dákẹ́, bí ẹ bá sì pa á dé, a tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ fáànù tí ń pariwo, tí ó sì ń panu mọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ẹ fura. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, ẹ tẹ Scan options, ẹ sì yan Microsoft Defender Offline scan. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú iṣẹ́ yín pamọ́, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 ni ó máa ń gbà.

Kí ọjọ́ ìdápadà tó pé

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń mú owó àjọ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí sí ibikíbi tí a ti ń tà á, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n gbà fún ìdápadà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára rìsíìtì. Ẹ má ṣe ju páálí nù. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ẹ fún ẹ̀rọ náà ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì títí di òwúrọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ni ẹ máa gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ wo Task Manager nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan. Bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀, ẹ dán iṣẹ́ tí ẹ rà á fún wò, kí ẹ mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ tó. Bí kò bá wálẹ̀, tí ẹ sì ti yọ àlejò tí ẹ kò pè kúrò, ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì gbé e padà. Ẹni tí ó mú àwòrán àti rìsíìtì dání kò ní láti pariwo.

Mẹ́ta péré ni ohun tí ó sábà ń mú laptop tuntun mí hẹlẹ: ẹrù tí kò tíì tò tán, àlejò tí ń jẹun onílé, àti ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀rọ lọ. Ọ̀kan ń fẹ́ sùúrù, ọ̀kan ń fẹ́ kí a lé e, ọ̀kan ń fẹ́ kí a tún èrò pa. Bí a bá lo oògùn ọ̀kan fún èkejì, owó ni yóò bá a lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò mi ṣe ìdánwò rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ó sì parí rẹ̀ kí àkókò tó pé. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ̀wé sí i pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá wa ní àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ohun tí ó ṣe laptop náà. A kò bá wọn jiyàn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí ohun tí a fi òógùn wa rà má ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ire o.